Owó Ojú Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ aago, ẹ kú àìfojúrínjú. Ara mi le, àfi òtútù yàrá yìí tó ń wọ̀ mí dé egungun.

Mo ti fi owó iṣẹ́ abẹ ojú ìyá mi ránṣẹ́ sí báńkì yín. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé. Mi ò mọ ohun tí ẹlẹ́ẹ̀kíní ṣe. Nínú lẹ́tà yín tó kọjá, ẹ ní dókítà ojú ní kí ẹ lọ padà wá, ẹ ò sì sọ ìgbà tó ní kí ẹ padà wá. Dókítà kan náà yìí ló sọ lójú èmi àti ẹ̀yin, kí n tó kúrò nílé, pé omi inú ẹyinjú ìyá mi ló ń ti iṣan ojú, pé ohun tó bá ti bà jẹ́ níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ó ní ojú ọ̀tún ló burú jù, òun ni kí a kọ́kọ́ ṣe, kí a má fi falẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ ń mi orí. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n tún bẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Aránṣọ tí kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, kí ló tún fẹ́ máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?

Ẹ béèrè nọ́mbà ilé tí mò ń gbé. Mo ti kó kúrò níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Ilé tuntun yìí, 64 ni. Yàrá mi ni 7, lókè pátápátá, níbi tí àtẹ̀gùn parí sí. Bọ́ọ̀sì 38 ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nọ́mbà tó wà láyà aṣọ iṣẹ́ mi ni 21. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rí àwọn ìbéèrè yín. Nígbà tí mo wà lábẹ́ òrùlé yín, ẹ kì í béèrè bóyá mo jẹun tàbí mi ò jẹun. Ṣé ìgbà tí mo wá sókè òkun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di bàbá ni? Ẹ má bínú, eré ni mò ń bá yín ṣe. Inú mi dùn sí i gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ìdí káńtà náà ni mo ṣì wà, mò ń dúró látàárọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi ń wú. Ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí fún ìyá mi, ẹ sọ fún un pé Ẹlẹ́nu rẹ̀ kí i.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ. A wà.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo tún un kà, mò ń wá ibi tí ọmọ ti ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mi ò rí i. Ọ̀gá tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí ni mo rí. "Mi ò mọ ohun tí ẹlẹ́ẹ̀kíní ṣe." Èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo fi ojú kan wo inú aago títí ọrùn mi fi wọ́, kí ìwọ lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tó o fi ń bú mi? Ó dáa. Dókítà lọ sí ìrìn àjò, ohun tí ẹlẹ́ẹ̀kíní ṣe nìyẹn. Nígbà tó dé, ó ti fi kún iye tó ń gbà, ohun tí ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe nìyẹn. Tí o bá fẹ́ kó yá, fi díẹ̀ sí i ránṣẹ́ dípò tí wàá fi máa da ìbéèrè bò mí.

Iṣẹ́ kò lọ. Aago oníke ni gbogbo ayé ń so mọ́wọ́ báyìí, tó bá kú wọ́n á jù ú nù. Ẹnì kan ṣoṣo tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lánàá, aago mélòó ló lù ló wá béèrè.

Ṣùgbọ́n má rò pé mo káwọ́ gbera o. Nǹkan kan wà tí mò ń ṣírò lọ́wọ́. Tó bá bọ́ sí i, ìwọ gan-an á di ẹrù rẹ, wàá máa bọ̀ wálé. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ wo nínú oṣù lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn? Ẹni tó ni ilé tí ò ń gbé, ọmọ ọdún mélòó ni? Kọ ọ́ ránṣẹ́ kíákíá. Bàbá ló yẹ kó mọ àwọn tó yí ọmọ rẹ̀ ká. 21 yẹn dára. Ṣùgbọ́n ilé 64 yẹn kò bá mi lára mu rárá, kò ní láárí. Tí o bá rí ibòmíràn, kó kúrò.

Bàbá rẹ ni.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnáwó.

Mo ti fi díẹ̀ kún owó náà bí ẹ ṣe wí. Ọjọ́ ìsinmi mi ni mo tà láti fi rí i. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè dúpẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ò ní dúpẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí èyí tí màá tún fi kún un.

Ẹ ní ilé mi kò bá yín lára mu. Bàbá, ilé tí ẹ ò rí rí? Ẹ ò béèrè bóyá omi ń jò wọlé, ẹ ò béèrè bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, ẹ kàn bá nọ́mbà rẹ̀ jà. Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní kàyéfì, ṣùgbọ́n mo ní bóyá ara ti ń di ara àgbà nìyẹn. Ẹni tó ni ilé, ìyá àgbà kan ni, ọmọ ọdún 71 ni. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹtàlá.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún mi. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi sọ gbólóhùn kan sí mi, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ nǹkan tó dà bí ohùn rẹ̀.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi àtàtà,

Bàbá rẹ kí ọ tayọ̀tayọ̀. Kú iṣẹ́, kú làálàá.

Ọkàn rẹ balẹ̀ báyìí. Wọ́n ti ṣe é. Ojú òsì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, èyí tó burú jù yẹn, ó sì yọrí sí rere. Dókítà fúnra rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ku ojú kejì àti oògùn tí wọ́n á máa kán sí i láràárọ̀, oògùn náà sì wọ́n gan-an. Tí o bá lè tètè wá nǹkan fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, yóò dára, nítorí ó ní àsìkò tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Gbólóhùn ìyá rẹ tó o béèrè rèé: "Ọmọ mi ọ̀wọ́n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún gbogbo ohun tí o ṣe, Ọlọ́run yóò bù kún ọ."

O gbìyànjú pẹ̀lú 71 yẹn. Ọjọ́ kẹtàlá náà kò burú. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́, èèyàn mélòó ni yín?

Bàbá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Bàbá,

Mo kí yín nítorí pé ìyá mi kọ́ mi láti máa kí àgbà. Ìkíni parí síbẹ̀.

Ìyá mi kò pè mí ní "ọmọ mi ọ̀wọ́n" rí láyé. Ẹlẹ́nu ló ń pè mí. Tó bá fẹ́ dúpẹ́, á ní "Ẹlẹ́nu, o ṣeun, má jẹ́ kó wú ọ lórí." Ẹ ò tiẹ̀ lè jókòó tì í kí ẹ gbọ́ gbólóhùn kan. Ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀ fúnra yín.

Ojú ọ̀tún ló burú jù. Ẹ ní òsì ni. Mo mọ bí ẹ ṣe ṣì í. Ẹ jókòó níwájú rẹ̀, ẹ wò ó lójú bí ẹni tó ń wo ojú aago, èyí tó wà lápá òsì tiyín lẹ sì kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà, tó bá ti kán oògùn sí ojú náà láràárọ̀ kan ṣoṣo, kò lè ṣi ìyẹn. Kò sí iṣẹ́ abẹ kankan tó wáyé.

Ẹ béèrè nọ́mbà ilé, ẹ béèrè nọ́mbà bọ́ọ̀sì, ẹ béèrè ọjọ́ orí ìyá àgbà onílé. Láti ọdún tí mo ti wà níbí, ẹ ò béèrè rí pé kí ni wọ́n ń tà nídìí káńtà tí mò ń dúró sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Tẹ́tẹ́ ni. Ilé tẹ́tẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gíláàsì ló wà láàárín èmi àti àwọn oníbàárà, ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń ti owó gbà sí mi.

Àgbàlagbà kan wà tó ń wá, akunlé ni, ọ̀dà kì í tán ní èékánná rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Inú mi ti ń dùn, mo rò pé ó fẹ́ máa kí mi kú ọjọ́ ìbí ni. Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sórí ìwé tẹ́tẹ́, ó fi owó lé e, ó tì í gba inú ihò wọlé sí mi. Nọ́mbà mi ló fẹ́, kì í ṣe èmi. Mo wá rántí 64, mo rántí 38, mo rántí ilé tí kò ní láárí. Mo ti ń fi lẹ́tà yín han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mò ń sọ fún wọn pé ẹ wò ó, bàbá mi fẹ́ mọ gbogbo ibi tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Wọ́n máa ń kó wa jọ sí yàrá ẹ̀yìn kí wọ́n lè kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ẹni tí tẹ́tẹ́ ti gbà lọ́kàn. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣeré, ó mọ iye tó lè jó, tó lè bá tẹ́tẹ́ lọ, láì dun ara ilé rẹ̀ kó tó jáde nílé, tó bá ti tán á fò dìde, á gba ilé lọ. Ẹni tí kì í ṣeré mọ́ ni ẹni tó ń sáré lé èyí tó ti lọ. Á mú owó tó wà fún nǹkan mìíràn, á yá sí i, á ní ó kù díẹ̀. Nílé, irọ́ ni. Bí ẹ bá sì bi í léèrè, ìbínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá yín lóhùn. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí, mo ń fi ṣọ́ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, mi ò mọ̀ pé bàbá mi ló wà nínú rẹ̀.

Ṣé ó ku nǹkan kan nínú owó náà? Iye tó bá kù, ẹ fi gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje

Ọmọ tí mo bí,

Mi ò kí ọ.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, inú bí mi débi pé mo fọ́ gíláàsì aago kan tó jẹ́ ti olówó. Ta ló kọ́ ọ láti máa bá mi sọ̀rọ̀ báyìí? Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ kí o lè máa gba owó lọ́wọ́ arúgbó láti inú ihò? Áà, ilé tẹ́tẹ́ lo wà! Gbogbo owó tó o fi ń pàṣẹ fún mi bí ọlọ́pàá, owó tẹ́tẹ́ ni. Owó akunlé yẹn ni. Ìwọ lò ń jẹ ẹ́, èmi lo wá ń pè lólè. Ojú kò tì ọ́?

Ó dáa, mo ta á. Ṣé ohun tó o fẹ́ gbọ́ nìyẹn? Mo ta tẹ́tẹ́. Ṣé mo mutí? Ṣé mo kó obìnrin mìíràn wọlé? Ṣé ọwọ́ mi kan ìyá rẹ rí? Owó àkọ́kọ́ tó o fi ránṣẹ́, kò tó. O gbọ́? Kò tó! Mo ní kí n fi díẹ̀ níbẹ̀ wá èyí tó kù, kí n má baà tún kọ̀wé tọrọ lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí. Nítorí ojú ìyá rẹ náà ni mo ṣe wọ ibẹ̀. Nọ́mbà àyà aṣọ rẹ ni mo kọ́kọ́ ta, ó sì jẹ. Mo dúró láàárín ilé tẹ́tẹ́ náà, gbogbo wọn ń pè mí ní ọ̀gá. Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀?

Má fi mí wé àwọn tó ń ta á bí afọ́jú. Èmi ní ìmọ̀. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń tú inú aago. Kò sí jíà tó ń yí tí eyín rẹ̀ kì í padà síbi tó ti gbéra. Nọ́mbà tí a kò bá ti rí láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń bọ̀ lọ́nà ni. 21 ti jáde, ó ti yí lọ, ó ti ń yí bọ̀. Ó kù díẹ̀. Tí mo bá dáwọ́ dúró báyìí, gbogbo èyí tó ti lọ ti lọ lásán nìyẹn. Fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i ránṣẹ́. Màá kó gbogbo rẹ̀ padà, màá sì gbé ìyá rẹ lọ fúnra mi.

Tí o kò bá fi ránṣẹ́, má pè mí ní bàbá mọ́.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ

Ẹ kú ilé.

Ẹ ní kí n má pè yín ní bàbá, mo sì gbọ́.

Lórí àpótí lẹ́yìn ilé tẹ́tẹ́ ni mo jókòó sí ka lẹ́tà yín. Ẹ ní owó tẹ́tẹ́ ni mo fi ń bọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí ni mo fi mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin wà lápá ibi tí owó ti ń kúrò lápò, èmi wà lápá ibi tó ń wọlé sí. Tí a bá ti ilẹ̀kùn, inú àpò ńlá la ń kó o sí, ọkùnrin méjì ló ń gbé e lọ. Mi ò tíì rí ọjọ́ kan tí wọ́n gbé àpò náà padà wá fún àwọn tó ni ín.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ jíà fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nídìí tábìlì yín pé eyín jíà kan ló ń ti èkejì, pé ohun tó so wọ́n pọ̀ ló jẹ́ kí aago mọ ibi tó kàn. Kí ló so nọ́mbà ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Wọ́n da bọ́ọ̀lù sínú ike, wọ́n gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ọ̀kan já bọ́. Bọ́ọ̀lù yẹn kò mọ̀ pé òun jáde lánàá. Kò mọ aṣọ iṣẹ́ mi. Kò mọ̀ pé arúgbó kan wà níbì kan tó ń retí òun. Ẹ̀yin tí ẹ lè gbé aago sétí kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń lọ. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Ẹ sì tún kọ ọ́ pé ẹ kì í ta á bí afọ́jú. Ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ wo ẹni tí ẹ jọ ń gbé.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ní orúkọ rẹ̀. Òun ló máa gbé ìyá mi lọ. Tí ẹ bá lọ bẹ̀ ẹ́ fún owó náà, tí ẹ bá parọ́ kan ṣoṣo fún un, màá wálé, kì í sì ṣe kíkí ni màá wá kí yín.

Ní tiyín, tí ẹ bá fẹ́ jáwọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé agbára yín nìkan. Ẹ kó owó ilé fún ìyá mi. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún ẹnì kan tó lè wò yín lójú. Iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún mi ni láti máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin kò san nǹkan kan.

Mo ti kó kúrò ní ilé yẹn. Mi ò ní sọ nọ́mbà tuntun fún yín. Ẹ kọ orúkọ mi àti orúkọ òpópónà ibi iṣẹ́ mi, yóò dé ọ̀dọ̀ mi.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti kọ̀wé mìíràn lẹ́yìn ti oṣù kẹjọ, ẹ ò fèsì. Báńkì ní onídìrí ti gba owó náà tipẹ́. Òun náà kò sọ nǹkan kan. Mo ń bá olùpín-lẹ́tà jà bí ẹni pé òun ló jí i.

Ẹ bú mi. Ẹ kọ ojú ewé mẹ́wàá tí ẹ fi bú mi, kí n ṣáà rí ọwọ́ yín.

Akunlé yẹn kò wá mọ́. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé gbogbo wọn ló máa ń padà wá. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Mo ti ń wá iṣẹ́ mìíràn.

Ṣé ìyá mi ríran? Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Gbà á tó o bá fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Onídìrí gbé e lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó pè mí. Dókítà tan iná sí ojú ọ̀tún, ó wò ó pẹ́, ó pa iná náà, ó ní a ti pẹ́ jù. Ó ní tí a bá ti wá níbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun ìbá rí nǹkan ṣe sí i. Ó béèrè ohun tó dá wa dúró. Onídìrí yíjú wò mí. Mo ní owó ni. Dókítà ní òun ìbá ti gbà á díẹ̀díẹ̀ ká ní a sọ fún òun. Mi ò mọ ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Wọ́n ṣe ojú òsì, wọ́n sì yọ awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀. Ìyẹn bọ́ sí i. Ó ń fi kàwé, ó fi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lánàá, ó pariwo bí ọmọdé. Ojú ọ̀tún ti lọ.

Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé ni pé ó ń bi mí lójoojúmọ́ pé kí ló fà á tí a fi pẹ́, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ. Onídìrí ní kì í ṣe ẹnu òun ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. O ti bú mi tó, jẹ́ kí eléyìí jẹ́ ìyà tó kẹ́yìn tí wàá bá mi jẹ. Kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ. Sọ fún un pé owó ló pẹ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, pé nǹkan le níbẹ̀. Ọ̀nà rẹ jìn, kò lè bínú sí ọ pẹ́. Èmi la jọ ń gbé, orí ibùsùn kan náà la jọ ń sùn. Tó bá mọ̀ pé èmi ni, níbo ni màá gbé ojú mi sí?

Bàbá rẹ ni. Mo ti gbà pé kí o máa pè mí bẹ́ẹ̀ padà.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Bàbá,

Rárá.

Mo sunkún débi pé onílé mi wá kan ilẹ̀kùn. Ojú ìyá mi lẹ fi ta tẹ́tẹ́, ó jó, ẹ wá fẹ́ fi orúkọ mi san án.

Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Ẹ jókòó síbi tí ojú kan tó kù yẹn ti lè rí yín dáadáa, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀, láti orí owó àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé jíà fún un. Tí lẹ́tà yín tó ń bọ̀ kò bá sọ fún mi pé ẹ ti sọ ọ́, èmi á kọ ọ́ sí i. Ó ti lè kàwé fúnra rẹ̀ báyìí, mi ò nílò ẹnu yín mọ́.

Mo ti kúrò nílé tẹ́tẹ́. Ilé ìfọṣọ kan ni mo wà, owó rẹ̀ kéré, ẹ má retí nǹkan kan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Ẹlẹ́nu,

Mo sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn tí a jẹun tán. Mo sọ ti owó àkọ́kọ́, mo sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo sọ ti èyí tó o ta ọjọ́ ìsinmi rẹ láti fi rí. Mo sọ ti iṣẹ́ abẹ tí mo purọ́ rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní ṣé ó parí. Mo ní ó parí.

Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé mò ń ta tẹ́tẹ́, ojú ló ń dun òun, etí òun kò di. Òun máa ń gbọ́ bí mo ṣe ń yọ́ jáde ní Sátidé, òun sì máa ń mọ̀ láti inú bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ wọlé pé ó ti jó. Ó ní òun rò pé owó ṣọ́ọ̀bù ni. Òun kò mọ̀ pé o ti fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ ṣáájú èyí tó gba ọwọ́ onídìrí. Nígbà tí mo bá ń ka lẹ́tà rẹ fún un, mo máa ń fo ibi tí owó wà. Odidi ọdún kan ló fi ń bínú sí ọ, pé o dé òkè òkun o gbàgbé òun, pé nọ́mbà ilé nìkan lo mọ̀ ọ́n kọ. Ìgbà tó dé ibẹ̀ yẹn ló tó sunkún. Kò sunkún nítorí ojú.

Ó gba gbogbo lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ mi. Ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá dé ibi tó o ti bú mi, á mi orí. Ó ń kọ tiẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, kò jẹ́ kí n yọjú wò ó.

Mo ṣì ń bínú sí ọ, má rò ó pé ó ti tán. O bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní àgbà lẹ́yìn. Tí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tí mo rántí àwọn ọ̀rọ̀ kan tó o kọ, orí mi á gbóná. Mi ò sì ní sọ fún ọ pé ara mi ti dá. Owó ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo yà. Wọ́n kí mi ní ọ̀gá. Mi ò wọlé. Mi ò lè búra fún ọ lórí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé mo dé ibẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n wọ bàtà mi, pé a jọ ń jáde. Kò sọ ibi tí à ń lọ. Nítorí pé kò rí nǹkan lápá ọ̀tún mọ́, tó ń fi èjìká gbá ògiri, mo bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo ní kí n máa dáàbò bò ó. Ó dúró láàárín ọ̀nà. Ó ní kí n kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n bọ́ sí apá òsì òun, níbi tí òun á ti lè máa rí mi.

Bàbá rẹ.